Yàrá Ìjẹun Rẹ Dára, Ṣùgbọ́n Kíṣíìnì Ni Ọkọ Rẹ Ti Ń Jẹun

Surulere,
Ọjọ́ Ajé.

Bísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Mo mọ̀ pé o máa bú sẹ́rìn-ín tí o bá rí lẹ́tà yìí. O máa ní, "Kí ló ṣe Màmí? Ṣé Yaba ti wá di Kánò ni?" Òótọ́ ni, ọ̀nà kò jìn. Mo lè wọ ọkọ̀ kí n sì dé ọ̀dọ̀ yín kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Láti ìgbà tí o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ lo ti ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá sọ ẹyọ kan, o máa dá mẹ́rin padà, ọkọ rẹ á wá máa wò wá bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Lẹ́tà kò ṣeé já gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Torí náà jókòó, na ẹsẹ̀ rẹ, kà á tán pátápátá kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ọmọ mi. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo wá, tí o ṣí ilẹ̀kùn, tí mo rí yàrá ìjẹun yẹn, háà! Mo gbàgbé láti jókòó. Ṣé yàrá tí ẹni tó kó jáde níbẹ̀ ń kó táyà mọ́tò sí nìyẹn? Kékeré ni lóòótọ́, tí èèyàn méjì bá na ọwọ́ níbẹ̀, ọwọ́ wọn á kan ògiri. Síbẹ̀ ó wù mí. Ọ̀dà tí ẹ kùn ún tutù lójú. Àwọn igbá fífín mẹ́ta tí Káyọ̀dé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri dúró dáadáa. Ewéko tó ń fà, tí o kì bọ inú ìgò omi lójú fèrèsé, ìyẹn gan-an ni mo wò jù. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wa ní ojú inú. Ó ní, "Ara mi ló ti mú un." Mo ní kó lọ jókòó jàre, ọkùnrin tó fẹ́ fi kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́rin kún ògiri pálọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí mo dìde pé kí n lọ bu omi mu, mo bá Káyọ̀dé ní kíṣíìnì. Ó wà lórí ìdúró. Ó gbé abọ́ ẹ̀bà sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ó ń fi ilá jẹ ẹ́. Bó ṣe rí mi báyìí, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọbẹ̀, mo ní kó dákun kó dúró. Mo ní, "Káyọ̀dé, ọmọ mi, kí ló dé tí o fi dúró jẹun nínú ilé ara rẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má dá mi lóhùn, Mà. Ibẹ̀ yẹn ti dára ju èmi àti ọbẹ̀ ilá lọ." Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo wá bi ọ́ léèrè nígbà tí ò ń sìn mí lọ. O rántí ohun tí o sọ? O ní, "Màmí, ó ta epo sí aṣọ tábìlì mi funfun lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹ. Mo bá a wí. Látìgbà yẹn ló ti ní kíṣíìnì tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ fi í sílẹ̀, ìbínú ẹ̀ á tán." Mo dágbére fún ọ, mo wọ ọkọ̀. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, Àbẹ̀kẹ́. Ó dùn mí gan-an ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra yín, tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára ilé yín, ẹ ti ń jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí aṣọ! Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí ṣe: kí Káyọ̀dé padà wá jókòó sídìí tábìlì yẹn, kí ara sì tù ú níbẹ̀. Má sì bẹ̀rù, mi ò ní kí o tú ẹ̀ṣọ́ rẹ ká. Yàrá kékeré lè dára kí èèyàn sì rí oúnjẹ jẹ nínú ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo ti ṣe é ní àṣìṣe títí tí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Èkíní, ọ̀rọ̀ tábìlì. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ kó wá sí ilé yìí, ọmọge ṣì ni mí, ọ̀ṣọ́ sì ń pa mí bí ọtí. Mo rí tábìlì kan níbi ayẹyẹ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, oníjókòó mẹ́fà, wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ẹsẹ̀ kìnnìún. Orí mi dàrú. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, tí mo ń rán kọ́tìnì fún ilé onílé, mo fa téèpù mi yọ, mo wọn yàrá, mo gbé ìwọ̀n lọ fún káfíńtà ní Mushin. Pákó tó dára la lọ rà nílé ìlagi. Nígbà tí wọ́n gbé tábìlì dé, ó wọlé rẹ́gí, mo ń jó. Ohun tí mo gbàgbé ni pé èèyàn máa jókòó. Kò sí àyè fún àga! Tí bàbá rẹ bá fẹ́ jókòó, ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí alákàn.

Ìgbà náà ni mo lóyún rẹ. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n gba àárín tábìlì àti ògiri kọjá kí n lọ mú iyọ̀. Ikùn mi há. Mi ò lè lọ, mi ò lè bọ̀. Mo kígbe. Bàbá rẹ sáré dé, ó di ẹsẹ̀ kìnnìún mú, ó ń fà. Mo ní, "Rọra o, ọmọ wà níbẹ̀!" Ó ní, "Kí ni ọmọ ń wá nídìí iyọ̀?" Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín yẹn sì tún jẹ́ kí ikùn há sí i. Nígbà tí mo bọ́ tán, a gbé tábìlì padà sí Mushin, wọ́n gé e kúrú, wọ́n sì fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe bẹ́ǹṣì tí o máa ń sùn lé lórí ní kékeré.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tábìlì tìrẹ kò tóbi jù, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n o gbé e sí àárín gbùngbùn bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yí i ká ya fọ́tò. Tì í mọ́ ògiri, lábẹ́ fèrèsé. Ní kí káfíńtà ṣe bẹ́ǹṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, èyí tó ṣeé tì sábẹ́ tábìlì tí ẹ bá jẹun tán. Àga méjì tó fún apá kejì tábìlì. Méjì yòókù, kó wọn lọ sí pálọ̀. Kí o sì wá àpótí kan tó rẹwà sí igun, torí o mọ̀ pé tí ẹ bá ń jẹun tí èèyàn wọlé, ẹ máa ní, "Ẹ wá jẹun." Àwọn kan á dáhùn pé, "Ọwọ́ á mọ́ o." Àwọn kan á sì ti fọwọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn wọ̀nyí ni àpótí wà fún. Má sì jẹ́ kí ẹ̀yìn Káyọ̀dé kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń jẹun fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀, kí ó lè pè é tàbí kí ó yára gbé ẹran mì.

Ìkejì, bọ́ náílọ́ọ̀nù kúrò lára àga yẹn! Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Sátidé, ooru mú, mo wọ búbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fẹ́ dìde, àga bá mi dìde. Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ mi ni. Náílọ́ọ̀nù tèmi wà lára àga títí o fi wọ ilé ìwé. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wá, tí pásítọ̀ bá ní kí a dìde gbàdúrà, gbogbo àga á ké "fàààá" lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa á dijú pinpin bí ẹni tí ẹ̀mí ti gbé. Ìwọ nìkan ni ò ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń gbá ọ létí nítorí ẹ̀, má bínú. Lọ́jọ́ tí mo wá bọ́ náílọ́ọ̀nù náà níkẹyìn pé kí n gbádùn aṣọ inú rẹ̀, fóòmù ti gbó dànù nínú ibẹ̀, ó ń ya bí àkàrà àná. Aṣọ tuntun, fóòmù arúgbó. A kò jókòó lórí aṣọ yẹn rí lọ́jọ́ ayé wa.

Èmi á rán ìbora fún àga náà, àdìrẹ ni mo fẹ́ lò, méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan máa wà lára okùn nígbà tí èkejì wà lára àga. Aró dúdú dára pẹ̀lú ògiri yín, ó sì ní sùúrù fún ọbẹ̀. Ohun tó bá ṣeé fọ̀ ni kí o fi ṣe ẹ̀ṣọ́ yàrá ìjẹun. Èyí tí kò bá ṣeé fọ̀, gbé e lọ sí pálọ̀, kí àlejò máa wò ó níbẹ̀.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ dígí. O ní o ti rí dígí ńlá kan ní Tẹ́júoṣó, pé o fẹ́ gbé e kọ́ ògiri tó dojú kọ tábìlì, torí ìwé aláwòrán kan sọ pé dígí máa ń mú kí yàrá kékeré tóbi lójú. Ìwé yẹn kò parọ́. Èmi náà ti gbọ́ ọ rí, mo sì kọ́ dígí kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Yàrá náà tóbi lóòótọ́! Mo máa ń lọ dúró síbẹ̀ láìnídìí, kí n kàn máa wo ara mi nínú ọlá.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. O kò bá wọn láyé dáadáa, ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, iyán sì ni oúnjẹ wọn. Mo gún iyán tó funfun bí òwú. Mo se ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ tí àwọn fúnra wọn gbé wá. Mo fi wọ́n sí ibi tó dára jù lọ, níbi tí wọ́n á ti máa wo gbogbo ẹ̀ṣọ́ mi, ojú wọn sì kọ dígí gbagada. Wọ́n fọwọ́. Wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n gbójú sókè, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n bu ìkejì, wọ́n fi ọwọ́ òsì bo ẹnu. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìyàwó, ó ṣé o. Mo yó."

Ẹ gbà mí o! Bàbá tó máa ń jẹ iyán tán kí a tó gbé omi dé! Mo wọ kíṣíìnì lọ, mo bú sẹ́kún. Mo ní ọbẹ̀ mi ni kò dùn. Mo ní bóyá wọ́n ti gbọ́ nǹkan burúkú nípa mi ni. Bàbá rẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó padà wá, ó ń di ẹ̀rín mọ́nú. Ó ní bàbá sọ pé, "Ọmọ mi, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu. Arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ti yọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán mi níbí yìí, kò gbójú kúrò lẹ́nu mi rárá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e mì?"

Mo rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú mi. A yí àga wọn padà, wọ́n jẹ iyán náà tán, wọ́n sì ní kí n bù kún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé dígí lọ sí yàrá ibùsùn. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà tí ìwé aláwòrán kò kọ sílẹ̀: kí a tó gbé ohunkóhun kọ́ ògiri yàrá ìjẹun, kí a kọ́kọ́ jókòó, kí a bu òkèlè, kí a wò ó láti ibi tí ẹnu ti ń jẹ. Torí náà, ra dígí rẹ tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n kí ó má tóbi tó bẹ́ẹ̀. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, sókè ibi tí ẹ gbé omi ìfọwọ́ sí. Kí ẹni tó bá dìde nìkan ló máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kó sì lè yọ ẹ̀fọ́ kúrò nínú eyín kó tó lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́, jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Iná. Iná funfun gbọọrọ tó wà lókè yẹn, pa á. Ó dára fún ilé ìtajà. Lábẹ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ata máa ń dà bí oògùn tí wọ́n fún èèyàn nílé ìwòsàn. Gba gílóòbù kan tí iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kí ó rọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ lókè tábìlì, kí o fi agbọ̀n kékeré dé e lórí. Ojú ihò agbọ̀n yẹn á máa ya ọnà sára ògiri. Wàá rí bí ojú ìwọ àti ọkọ rẹ ṣe máa dára tó lábẹ́ rẹ̀, kódà tí inú bá ń bí yín. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ, tí wọ́n á sì mú un lọ, kan ìṣó kan fún àtùpà, kí ó jìnnà sí kọ́tìnì.

Kọ́tìnì náà ńkọ́? Ó gùn jù. Èmi tí mo ń tà á ni mo ń sọ ọ́ o, kò sí ẹni tó fẹ́ràn kọ́tìnì gígùn bíi aránṣọ. Ṣùgbọ́n fèrèsé kékeré ni, ọbẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, etí kọ́tìnì á máa tọ́ ọbẹ̀ wò. Gé e kó mọ sí ojú fèrèsé. Èyí tí o bá gé kúrò, fi rán ìnuwọ́.

Kábọ́ọ̀dù abọ́ rẹ dùn ún wò, àmọ́ o kó gbogbo abọ́ ìgbéyàwó rẹ sínú rẹ̀, o sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ẹ wá ń fi abọ́ ike jẹun. Àbí ojú mi ni? Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Mo to tèmi lọ́wọ̀ọ̀wọ́, mo ń nù ún lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan wá gba kọ́tìnì rẹ̀, ó wo kábọ́ọ̀dù mi títí, ó ní, "Ìyá Bísọ́lá, mi ò mọ̀ pé ẹ ń ta abọ́ mọ́ ọn. Èló ni ẹ ń ta dọ́sìnnì?" Bàbá rẹ jáde sí ìta, ó lọ rẹ́rìn-ín tirẹ̀ kèékèé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá òun lè yá abọ́ kan nínú ọjà mi. Mo kó wọn sílẹ̀. Mélòó kan ti fọ́ láti ìgbà náà, ìwọ fúnra rẹ fọ́ méjì, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó fọ́, a ti fi wọ́n jẹun. Ṣí kábọ́ọ̀dù yẹn, ọmọ mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ epo wá kàn wàyí. Mo mọ̀ pé o ti ń retí rẹ̀, o sì ti ń kó èsì jọ.

O lè ní, "Màmí, aṣọ lẹ́ẹ̀sì ni, mo wá a pẹ́ kí n tó rí i." Mo gbà. Ó dùn ọ́, ó yẹ kó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n wo ìhà tọkùnrin náà. Ta ló kó táyà jáde nínú yàrá yẹn? Káyọ̀dé ni. Ta ló gun àkàbà kun ọ̀dà, tí ọ̀dà sì ń kán sí i lórí? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi, ò ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ta ló kan igbá mọ́ ògiri? Ọkùnrin tó bá ọ tún yàrá náà ṣe kò wá ní ibi tó máa fi ìdí lé nínú rẹ̀. Ẹ̀kán epo kan ló lé e jáde. Kì í ṣe epo gan-an ló sì lé e. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí o sọ sí i lọ́jọ́ náà, mi ò sì ní bi ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹnu tí o ní, torí ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé o ti gbàgbé rẹ̀. Òun kò gbàgbé. Àwọn ọkùnrin tó ń fi gbogbo nǹkan ṣe ẹ̀rín, àwọn ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ̀ lára jù.

O ní ìbínú rẹ̀ á tán. Bísọ́lá, kì í ṣe ìbínú. Ká ní ìbínú ni, ẹ̀rù kì bá bà mí. Ẹni tó bá ń bínú á sọ̀rọ̀, á janu, á sì tán. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún tábìlì yẹn. Ó ń sá fún un bí àlejò ṣe ń sá fún àga ọba. Tó bá fi lè mọ́ ọn lára láti máa jẹun lórí ìdúró, láìpẹ́ á máa jẹ ẹ́ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, á wá délé pẹ̀lú ikùn tó ti yó, kò sì ní sí ohun tó máa mú ẹ̀yin méjèèjì jókòó lójú kan náà. Ibi oúnjẹ ni èmi àti bàbá rẹ ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbé wa dé ibí. Ibẹ̀ la ti ń jà, ibẹ̀ la ti ń parí rẹ̀. Mo ti bínú sí bàbá rẹ rí tí mo fẹ́ kó ẹrù mi padà sí ilé bàbá mi, àmọ́ ó na ẹran tirẹ̀ sí mi lórí tábìlì, mo gbà á, ọ̀rọ̀ sì parí. Níbo ni Káyọ̀dé ti máa na ẹran sí ọ, tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ sítóòfù?

Ohun tí o máa ṣe nìyí, kò sì le. Má pè é jókòó pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkùnrin máa ń sá fún irú ìpè bẹ́ẹ̀. Se ọbẹ̀ ilá yẹn, kí epo rẹ̀ pọ́n. Jẹ́ kó bù ú, jẹ́ kó dúró síbi tó máa ń dúró sí. Lẹ́yìn náà gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa gbé e lọ sí yàrá ìjẹun láìwẹ̀yìn. Á tẹ̀ lé ọ. Kò sí ọkùnrin Yorùbá tí kò ní tẹ̀ lé ẹran rẹ̀. Tó bá jókòó, sọ fún un pé, "Káyọ̀dé, má bínú." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Má fi "ṣùgbọ́n" kún un, mo mọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà fọwọ́, kí o bá a bu òkèlè nínú abọ́ kan náà.

Mo ní kí bàbá rẹ fúnra rẹ̀ mú lẹ́tà yìí wá. Má jẹ́ kó lọ láìjẹun, kí o sì fi í jókòó sórí àga tí o ti bọ́ náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Aṣọ tábìlì ló wà nínú rẹ̀, funfun báláú, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ọnà sí etí rẹ̀ yí po. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí ẹ ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mi ò jẹ́ kí o rí i. Kò sí èyí tí mo rán tó dára tó aṣọ náà nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láyé mi.

Nígbà tí o bá tú u, wàá rí epo pupa ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Má kígbe, má sì bi bàbá rẹ léèrè, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni. Mo rán an tán lánàá, mo lọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì wa, mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà mo ki ṣíbí bọ inú epo, mo sì dà á sí i. Bàbá rẹ di orí mú, ó ní ṣé orí mi pé. Ó dùn mí wọ egungun, Àbẹ̀kẹ́, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó ti ní epo lára báyìí. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún máa bà jẹ́ mọ́. Tẹ́ ẹ, kí o sì gbé abọ́ ọkọ rẹ lé e lórí.

Màmí rẹ.